Abọ́ tí àlejò máa jẹ: bí a ṣe ń fi bisikíìtì yan abọ́ ní Tudun Wada, Jos

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ lónìí.

Tí a bá ṣe ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tán ní Tudun Wada níbí, ohun tó máa ń kù sílẹ̀ jù ni àwo ike, ife ike àti abọ́ fómù. Atẹ́gùn á gbé díẹ̀ lọ, gọ́tà á gbé ìyókù, nígbà tí òjò bá dé, ojú ọ̀nà á kún fún omi. Abọ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí kì í dénú gọ́tà. Bisikíìtì ni. Àlejò á jẹ ohun tí ẹ bù sínú ẹ̀, á sì jẹ abọ́ náà lé e.

Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wa àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe kéèkì, chin-chin àti pọ́fù-pọ́fù ti ń wò ó lórí fóònù, ó sì ń wù wọ́n láti fi kún ọjà wọn. Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí lè jẹ owó èèyàn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ abọ́ 100 fún ìgbéyàwó, tó kó owó àjọ lé fúláwà àti bọ́tà, tí abọ́ náà wá wú, tó fọ́, tàbí tó rọ̀ kí àlejò tó jókòó, gbèsè ló gbé wọlé. Orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ọjà kì í tà fún ẹni tórúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ nílẹ̀ àjò.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: fúláwà púpọ̀ kọ́ ló ń mú abọ́ bisikíìtì dúró. Ó ń dúró nítorí pé ó tín-ín-rín, ó gbẹ, kò sì wú. Ní òkè Jos tí a wà yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìṣọ́ra ju bó ṣe rí ní Èkó lọ.

Kì í ṣe nǹkan tuntun

Àwa Yorùbá ti ń bu oúnjẹ sínú ohun tí ilẹ̀ lè gbà padà tipẹ́tipẹ́. Ewé eéran la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé la fi ń dì ẹ̀kọ, igbá la fi ń mu ògì. Kò sí ẹni tó ń fọ ewé, kò sì sí ẹni tí ewé dí ọ̀nà omi rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn mìíràn jẹ tiwọn mọ́ oúnjẹ. Ní Etiópíà, orí ínjẹ́rà tó fẹ̀ bí àwo ni wọ́n ń da ọbẹ̀ sí, wọ́n á máa já a jẹ títí tí kò fi ní sí àwo mọ́. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, búrẹ́dì tó ti le ni wọ́n ń gé pẹrẹsẹ fi ṣe àwo lórí tábìlì. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni kóònù áìsìkiriimù. Ní 1903, Italo Marchiony, ọmọ Ítálì kan tó ń ta áìsìkiriimù ní New York, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ife áìsìkiriimù tí èèyàn lè jẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, níbi àpèjọ ọjà ńlá tí wọ́n ṣe ní St. Louis, kóònù di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé òun náà jẹ́ àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, ọjà ọwọ́ rẹ̀ ló fi wá ọ̀nà.

Èyí tó sún mọ́ tiwa jù ni ti 2014. Dominique Ansel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń yan búrẹ́dì ní New York, fi kúkíìsì ṣe ife kékeré, ó fi ṣokoléètì pa inú rẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, ó sì bu mílíìkì sí i. Ẹ fi ti ṣokoléètì yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fómù. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń ṣe abọ́ míì kò ní dúró de ọjọ́ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá kan ìpínlẹ̀ tó ń gbé.

Ohun tó ń mú abọ́ dúró

Fúláwà ni eegun abọ́. Tí omi bá kàn án, tí a sì ń po ó ṣáá, á máa fà bíi rọ́bà. Èyí dára fún búrẹ́dì, kò dára fún abọ́, torí ohun tó ń fà bíi rọ́bà máa ń súnkì nínú ófùnù. Ẹ ó fi ìṣù fúláwà bo páànù dáadáa, ẹ ó ṣí ófùnù, ẹ ó rí i pé ó ti fà sókè, abọ́ ti di ìdérí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í po ó pẹ́.

Bọ́tà ló ń gba iwájú omi. Ó máa ń bo fúláwà kí omi má bàa ráyè mú un fà. Tó bá pọ̀ jù, abọ́ á máa ṣàn kúrò lára páànù kó tó le. Tó bá kéré jù, á le bí òkúta.

Ṣúgà máa ń yọ́ nínú iná, tó bá tutù á le padà. Òun ló fà á tí abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fi máa ń rọ̀, tó sì máa ń le lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé kò tíì jinná nítorí pé ó rọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹyin ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bẹ́kìn páúdà ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú nǹkan wú, abọ́ tó bá wú kò ní jọ páànù tí a fi ṣe é. Ihò afẹ́fẹ́ tó ń kù nínú rẹ̀ gan-an ni omi máa ń gbà kọjá.

Òkè Jos ní tirẹ̀

Tudu ni àwọn Haúsá ń pe òkè, orúkọ Tudun Wada fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tó wà. Gbogbo Jos fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ níbí kéré sí ti Èkó tó wà létí òkun. Nítorí náà, omi tó ń hó ní 100 °C l'Ékòó, nǹkan bíi 96 °C ló ti ń hó níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń pẹ́ lórí iná ní Jos. Ohun kan náà ló fà á.

Kí ni èyí ń ṣe fún abọ́ wa? Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìṣù fúláwà máa ń fẹ̀ jù, torí náà abọ́ tó ní bẹ́kìn páúdà á wú kíákíá, á sì fọ́. Èkejì, omi inú rẹ̀ máa ń tètè fò lọ, ṣúgà á wá pọ̀ ju omi lọ, abọ́ á lẹ̀ mọ́ páànù tàbí kó ṣàn. Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọyẹ́ máa ń mú fúláwà gbẹ, ìṣù náà á máa ya bí ẹ ṣe ń tẹ́ ẹ.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi ìwọ̀n ránṣẹ́ láti Èkó gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó lò ó. Ẹ yọ bẹ́kìn páúdà kúrò. Ẹ dín ṣúgà kù díẹ̀, bíi ṣíbí ìjẹun kan nínú ife kan. Ẹ jẹ́ kí iná ófùnù fi díẹ̀ gbóná ju ti Èkó, bíi 180 °C dípò 170 °C, kí ara abọ́ tètè le, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ torí kò ní pẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí ìṣù bá ń ya, ẹ fi ṣíbí kékeré mílíìkì kan kún un, ẹ má fi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkè yìí kan náà tún ń ràn wá lọ́wọ́. Ìṣù fúláwà gbọ́dọ̀ tutù kí a tó tẹ́ ẹ, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ọ̀tútù Jos gan-an ni fìríìjì wa, NEPA ì báà mú iná lọ. Abọ́ tí a bá sì yan nígbà ọyẹ́ máa ń gbẹ kanrin kanrin. Ìgbà òjò ló yẹ ká bẹ̀rù, pàápàá oṣù Keje àti Ìkẹjọ, torí bisikíìtì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìwọ̀n yìí á fún yín ní nǹkan bí abọ́ 9. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré, ẹ má fi múdù tàbí agolo mílíìkì ṣe é. Múdù dára fún ìrẹsì, ṣùgbọ́n giramu 20 bọ́tà tó bá lé lè ba abọ́ jẹ́.

Fúláwà giramu 250, bọ́tà giramu 125, ṣúgà lílọ̀ giramu 90, ẹyin 1, iyọ̀ díẹ̀, èèpo ọsàn tí a rin tàbí nutmeg díẹ̀ fún òórùn. Tí ẹ bá fẹ́ kó ní adùn Plateau, ẹ yọ fúláwà giramu 50, kí ẹ fi ìyẹ̀fun acha giramu 50 rọ́pò. Acha kì í fà bíi rọ́bà, ó ń jẹ́ kí abọ́ máa dún kára-kára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, abọ́ á máa fọ́ wẹ́wẹ́.

1. Ẹ fi ṣíbí onígi ro bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí wọ́n á fi dọ́gba. Ẹ má lù ú títí á fi funfun kó sì wú bíi ti kéèkì. Afẹ́fẹ́ la ń sá fún.

2. Ẹ po ẹyin, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó pọ̀.

3. Ẹ da fúláwà, iyọ̀ àti èèpo ọsàn sí i. Ẹ kó o jọ títí á fi di ìṣù kan, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.

4. Ẹ wé e sínú náílọ̀nù tó mọ́, ẹ gbé e síbi tó tutù fún ìṣẹ́jú 30.

5. Ẹ gbé e sáàárín náílọ̀nù méjì, ẹ fi ìgò yí i pẹrẹsẹ títí á fi nípọn tó mìlímítà 4. Ẹni tí kò ní rúlà, kó to káàdì ATM márùn-ún lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó nípọn. Gbogbo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí ibi tó tín-ín-rín jù ló máa kọ́kọ́ jóná, ibi tó nípọn jù ló máa kù ní tútù.

6. Ẹ dojú páànù kéèkì kékeré, èyí tó ní ojú mẹ́fà tàbí méjìlá, dé ilẹ̀. Ẹ fi bọ́tà pa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wọ́n fúláwà sí i. Ẹ fi ẹnu abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 gé ìṣù náà ní róbótó, ẹ fi bo ẹ̀yìn ojú páànù kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ máa fo ojú kan sí ìkejì kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ lu já.

7. Ẹ tún gbé e síbi tó tutù fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó yan án ní 180 °C fún ìṣẹ́jú 14 sí 16, títí etí rẹ̀ á fi pọ́n bíi wúrà.

8. Ẹ fi sílẹ̀ lórí páànù fún bí ìṣẹ́jú 7. Tó bá gbóná jù, á fọ́ lọ́wọ́ yín. Tó bá tutù jù, á lẹ̀. Ẹ rọra yọ ọ́, ẹ yí i kó kọjú sókè, ẹ fi funfun ẹyin pa inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dá a padà sínú ófùnù ní 150 °C fún ìṣẹ́jú 5 sí 6.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Inú abọ́ tó kọjú sí páànù kì í rí iná tààrà, ó máa ń ní ọ̀rinrin. Ìyan kejì ló ń gbẹ ẹ, funfun ẹyin ló sì ń dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tó kù.

Ẹni tí kò ní ófùnù gáàsì lè lo ìkòkò oníyanrìn tí a mọ̀ látilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, torí náà ẹ fi èédú díẹ̀ sórí ìdérí. Ẹ kọ́kọ́ fi ègé kékeré kan dán iná wò: tí etí rẹ̀ bá pọ́n kí ìṣẹ́jú 8 tó pé, iná ti pọ̀ jù.

Kí la lè bù sínú ẹ̀?

Jos ló ni strawberry, kò sì sí ohun tó bá abọ́ yìí mu tó o. Strawberry tí a gé, yógọ́ọ̀tì tó ki, áìsìkiriimù, kọ́sítáàdì tó ti tutù, èso oríṣiríṣi tí a gé wẹ́wẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí dára. Fún ohun tó bá ní omi, ẹ yọ́ ṣokoléètì lórí omi gbígbóná, ẹ fi pa inú abọ́ tó ti tutù, kí ẹ jẹ́ kó le. Ọ̀rá inú ṣokoléètì kì í gba omi. Ohun tí ife ilẹ̀ New York fi ń gba mílíìkì dúró nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ bu ohun tí kò dùn bíi ṣúgà, bíi gízíídòdò tàbí ẹran díndín, ẹ dín ṣúgà kù sí giramu 20, kí ẹ fi ata gbígbẹ àti iyọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí àti jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń ṣe ooru kò bá a mu. Ooru á yọ́ bọ́tà, omi á wọlé, abọ́ á já sí aṣọ àlejò. Tí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bisikíìtì tó bá sì pẹ́ lábẹ́ oúnjẹ á di oúnjẹ. Ìgbà tí àlejò bá ti jókòó ni kí ẹ bu nǹkan sínú rẹ̀, kì í ṣe láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra nílé. Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ bu ohun tí oníbàárà fẹ́ sínú abọ́ kan, ẹ wo aago, kí ẹ mọ ìṣẹ́jú tó fara dà á.

Owó ńkọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí. Ká sọ pé ohun èlò abọ́ 18 jẹ́ ₦9,000; àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ fi iye ọjà Terminus tòní rọ́pò. Lójú, ₦500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí méjì bá fọ́, 16 ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti di ₦562.50 kí ẹ tó ka gáàsì, ọkọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹni tó ta á ní ₦550 rò pé òun jèrè, gbèsè ló jẹ. Fún iṣẹ́ abọ́ 100, ẹ yan 110 ó kéré tán. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀p àti ọ̀nà Jos tó ní kòtò kì í bá abọ́ ṣeré. Ẹ to abọ́ sínú ike onídérí, kí ẹ fi bébà tó mọ́ sáàárín wọn. Ẹ má kó wọn sínú ike nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, torí ooru á di omi, iṣẹ́ á bàjẹ́.

Ẹ tún máa sọ fún àwọn tó pè yín pé fúláwà, ẹyin àti mílíìkì wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ọ̀kan nínú wọn lè mọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà yẹ kó gbọ́ pé ṣúgà wà nínú abọ́, kì í ṣe nínú oúnjẹ nìkan. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì jọ ń jẹun níbi ayẹyẹ wa ní Tudun Wada, àwọn vanilla olómi kan sì ní ọtí nínú. Ẹ ka ara ìgò, tàbí kí ẹ lo èèpo ọsàn. Ẹni tó bá fẹ́ dì í sínú náílọ̀nù láti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ lọ bá NAFDAC.

Ẹ̀yin tó wà níbòmíràn

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt àti Calabar, ọ̀tá tiyín ni ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni kí ẹ yan abọ́ yín, tàbí kí ẹ tún un yan fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó lò ó. Ẹ̀yin ti Kano, Sókótó àti Maiduguri, afẹ́fẹ́ yín gbẹ, abọ́ á máa dún kára-kára, ṣùgbọ́n oòrùn oṣù Kẹrin á yọ́ bọ́tà kí ẹ tó tẹ́ ìṣù tán. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é.

Níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ kọ́kọ́ ṣe mẹ́ta péré. Ẹ fún ọmọ yín ní ọ̀kan, ẹ bu yógọ́ọ̀tì sí ìkejì, ẹ fi ìkẹta sórí tábìlì di ọ̀la kí ẹ wo bí ó ṣe máa rí. Ohun tí mẹ́ta yẹn bá fi hàn yín ni kí ẹ tẹ̀ lé kí ẹ tó fi owó àjọ ra bọ́tà.